Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi sọ

Houston, Texas
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn ni mo ṣe dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, inú á sì bí mi kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìwọ náà á sì gbé e fún ará ilé gbọ́. Mo mọ̀ ọ́. Nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì, mo gbé ẹsẹ̀ lé àga kejì torí pé orúnkún ti wú, mo ń fi bírò kọ ọ́ bíi ti ayé àtijọ́. Ṣé ara ìyá ti le? Ẹ kú iṣẹ́ ìdánwò àwọn ọmọ o.

O ní Bọ̀dá Sunkanmi, ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún ọ pé mo ti ń gbéra ga, pé ohun tí kò ná mi ní kọ́bọ̀ ni mo fi du ọmọ ìlú mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ní kí n wá jẹun. Ìyàwó wọn ro àmàlà, ó se gbẹ̀gìrì, ó fi ògúnfe sí i. Mi ò tíì fọwọ́ tán tí wọ́n fi gbé fáìlì kan síwájú mi. Mo ṣí i, orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí: ìdá 51 tèmi, ìdá 49 tiwọn. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, kí o ṣáà máa buwọ́ lùwé ni. N ó máa san 4,000 dọ́là fún ọ lóṣù, o ò tiẹ̀ ní dé ibi iṣẹ́." Ilé-iṣẹ́ wọn tó ń tún òrùlé ṣe ni wọ́n fẹ́ sọ di tèmi lórí ìwé, kó lè máa du iṣẹ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwa tí a fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ológun.

Àwọn òyìnbó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní rent-a-vet. Ológun háyà. Bí ìgbà téèyàn háyà àga àti kánópì fún òde, tí wọ́n á kó o padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

O rántí bí mo ṣe wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà lọ́dún 2013. Ètò kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí àwọn ológun ń wá, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Bí òbí kan bá tún bi ọ́ pé kí lọmọ òun fẹ́ fi iṣẹ́ Yorùbá ṣe, sọ fún un pé òun ló sọ mí di ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí a ṣe parí ni mo búra. Ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ Yorùbá níbẹ̀ láti ọjọ́ náà! Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Jáàkì yọ̀, orúnkún lọ. Etí ń hó títí dòní, bíi kẹ́tù tó ti ń hó tí ẹnikẹ́ni ò gbé e kúrò lórí iná. VA, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, wo gbogbo rẹ̀, wọ́n kọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún mi gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àárẹ̀ náà.

Òfin tí Bọ̀dá fẹ́ gbà wọlé ti pẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ó kéré tán ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ ní láti máa dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó jẹ́ ti irú wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni fún ọdún mẹ́rin, torí àwọn tó ń pín iṣẹ́ ò ní àṣẹ láti ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Lọ́dún 2003 ni òfin mìíràn fún wọn láṣẹ náà: bí ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ bá rí i pé ó kéré tán méjì nínú wa á du iṣẹ́ kan, tí owó tí a máa bèèrè ò sì ní wọ́n jù, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù. Ìdá 3 yẹn ti di 5 báyìí.

Èyí tó máa dùn mọ́ ìwọ olùkọ́ èdè ni ti VA fúnra wọn. Òfin ọdún 2006 ní kí wọ́n fi àwọn ajagunfẹ̀yìntì ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí òfin náà lò sì ni "gbọ́dọ̀". VA ní bí àwọn bá ti pín iye tó yẹ fún wa lọ́dún, ó kù sọ́wọ́ àwọn. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ gbè wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan láti Maryland, Kingdomware Technologies, kò gbà, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2016, adájọ́ mẹ́jọ tó wà lórí àga panu pọ̀, Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà: "gbọ́dọ̀" kì í ṣe "lè". Yálà ẹ ti pín iye tó yẹ tàbí ẹ ò tíì pín in. Mo rántí ìwọ àti pátákó rẹ, bí o ṣe máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí ṣọ́ọ̀kì á fi kán.

Ní ti ìdá 51 inú fáìlì Bọ̀dá, kò tó. Ẹni tó fara pa yẹn ló gbọ́dọ̀ wà nípò tó ga jù, kó máa darí iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó máa pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí iṣẹ́ náà ò bá ti jẹ́ ti VA, èèyàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ́ ológun tó fara pa, ibẹ̀ sì ni àwọn ológun háyà ti pọ̀ sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, SBA, àjọ tó ń rí sí òwò kéékèèké, ló ń yẹ ìwé gbogbo wa wò. Wọ́n ti dá àwọn kan lẹ́bi ní Kansas City lórí irú nǹkan yìí: wọ́n fi orúkọ ológun síwájú, wọ́n sì gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwọra ló pa ìyẹn, pé tiwa á mọ níwọ̀n.

O ò tíì bi mí iṣẹ́ tí èmi ń ṣe gan-an. Koríko ni mò ń gé, Àdùkẹ́, ní itẹ́ òkú àwọn ológun. Ìyá mi ò tíì dárí jì mí. Wọ́n ní ṣé torí kí n lè máa ro itẹ́ òkú àwọn òyìnbó ni àwọn ṣe ta ilẹ̀ rán mi nílé ìwé. Òkúta mábù funfun kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 42, ìdajì rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Bí òjò bá rọ̀, òmíràn á rì, òmíràn á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. A máa ń ta okùn bíi ti bíríkìlà, a ó gbé e sókè, a ó tò ó padà kí ìlà náà lè gún láti ibi yòówù kéèyàn ti wò ó. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé etí koríko kò gbọ́dọ̀ kan òkúta. Bó bá ha á, èmi ni wọ́n máa bi. Tí wọ́n bá gbé òkú wọlé, a ó pa gbogbo ẹ̀rọ, a ó ṣí fìlà, a ó dúró sójú kan. Wọ́n á yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà náà ni kẹ́tù etí mi máa ń hó jù.

Kò sí mobilization, owó tí wọ́n ń san ṣáájú iṣẹ́, bíi ti ilé. Iṣẹ́ ni o máa kọ́kọ́ ṣe, kí o tó kọ ìwé owó, kí o sì máa retí. Owó àjẹmọ́nú mi ni mo fi ra ẹ̀rọ méjì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà, mo jẹ gbèsè níbẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni: ìjọba ló ń sọ iye tó kéré jù tí mo lè san fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan, wọ́n sì ń fi owó ìlera lé e. Mo ka ti àkọ́kọ́, mi ò rí èkejì. Nígbà tí mo san án tán, èyí tó kù fún mi ò lè ra táyà ẹ̀rọ kan.

Nǹkan kan wà tí kò jẹ́ kí n lè fọ́nnu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí VA kọ òdo fún pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí wọ́n bá ti gbà pé ẹnu iṣẹ́ ológun ni àárẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí etí ń hó, èmi ni mò ń gbaṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tí a jọ wà nídìí ọkọ̀, tí kì í sùn lóru, tí kò lè jókòó sáàárín èrò, kò ní dá ilé-iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láéláé. Èmi ò mọ bí òfin ṣe lè dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò yẹ kí ó tipa ọ̀dọ̀ mi dé ọwọ́ Bọ̀dá Sunkanmi tí kò fi ẹsẹ̀ kan bàrékè rí.

Mi ò sì kàn kọ̀ kí n máa lọ o. Mo sọ ọ̀nà tó tọ́ fún wọn. SBA ní ètò tí ilé-iṣẹ́ tó ti gbó lẹ́nu iṣẹ́ lè fi fa kékeré lọ́wọ́, kí àwọn méjèèjì jọ du iṣẹ́ kan náà. Ó kéré tán, ìdá 51 àjọṣe náà á jẹ́ tèmi, èmi ni n ó máa darí rẹ̀, ìdá 40 nínú iṣẹ́ tí a bá jọ ṣe á sì jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn tèmi fọwọ́ ara wọn ṣe. Bọ̀dá gbọ́ "darí", ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Èmi? Kí n máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ tí mo máa ń rán ní búrẹ́dì?" Ìyàwó wọn dìde, ó kó abọ́. Mo dúpẹ́ oúnjẹ, mo jáde.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, wọn ò gbé fóònù mi. Bá mi bá wọn sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Má ṣe ka lẹ́tà yìí fún wọn o, ti ìyá mi àti ilẹ̀ yẹn ò kàn wọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn ní Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti sanwó aṣọ ẹbí kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Léèsì aláwọ̀ ewé ni, ó wà lọ́wọ́ télọ̀. Ṣé kí n lọ, àbí kí n fi owó ránṣẹ́? Fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́