Ọmọ mi kì í ṣe olódo

Sí Olóòtú,

Ọmọ ọdún 9 ni àbíkẹ́yìn mi. Lọ́jà Òyìngbò, òun ló ń bá mi ka ṣéńjì, kì í sì í ṣì í. Oríkì ìdílé wa wà lórí rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé ìwé lé e lọ́wọ́, òógùn á bò ó. Olùkọ́ rẹ̀ kan mú un dìde níwájú kíláàsì, ó ní kí àwọn yòókù pè é ní olódo. Èmi náà ti nà án nítorí ìwé, kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ń dùn mí dòní.

Dyslexia ni wọ́n ń pè é: ìṣòro ìwé kíkà ni, kì í ṣe pé ọmọ kò gbọ́n. Lọ́dún 1896 ni dókítà Pringle Morgan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí kò lè kàwé. Olùkọ́ ọmọ náà ní ká ní ẹnu nìkan ni àwọn fi ń kọ́ni ni, ọmọ náà ni ì bá mọ̀wé jù nílé ìwé. Ẹkún ni mo sun nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ti jẹ́ ká mọ̀ pé ojú kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Apá òsì ọpọlọ, níbi tó ti ń so lẹ́tà mọ́ ìró, ni kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíì. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. (Bàbá rẹ̀ náà sá fún ìwé ni.)

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2001 yẹ ọpọlọ àwọn tó ní in wò ní Ítálì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibì kan náà ni àléébù wà lọ́pọlọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì ń kàwé jù wọ́n lọ, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá? Àmì ohùn ní wàhálà tiẹ̀, mo gbà, àmọ́ kò sí lẹ́tà tó kàn jókòó lásán nínú "bàtà" bíi ti "knife". Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń já wọn lu ìwé kíkà l'Ékòó.

Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìró ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́: kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa pè é bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, lójoojúmọ́, láìkánjú. Oṣù mẹ́rin rèé tí àǹtí kan ládùúgbò wa ti ń fi a, b, d Yorùbá kọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ka orúkọ Ojúẹlẹ́gbà lára dáńfó kí n tó rí i.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa: ẹ kọ́ àwọn olùkọ́ pírámárì bí wọn yóò ṣe dá irú ọmọ yìí mọ̀ láti kíláàsì kìíní, kí wọ́n tó fi ẹgba kàn án.

Ìyá ọlọ́mọ kan,
Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.