Ìyá Bọ́lá wo ni ẹ fún ní oògùn?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ṣì ń bí mi láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi wà, “Ìyá Bọ́lá” ni wọ́n sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn kò dá mi mọ̀ dáadáa. Wọn kò tíì jẹun, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti fún wọn ní Daonil láti ìdájí. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn o! Ìyá mi kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiwọn. Ìyá Bọ́lá kejì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wọn ló ni oògùn náà.

Mo bi àwọn òṣìṣẹ́ pé hóró mélòó ni. Ẹnìkan ní ọ̀kan, ẹnìkejì ní méjì, ẹni tó fún wọn gan-an ti lọ sílé. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Omi ṣúgà ni mo kọ́kọ́ fún wọn kí a tó gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá wọn dúró di ọjọ́ kejì, torí oògùn yẹn ṣì lè máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lára àgbàlagbà. Ìyá Bọ́lá kejì ńkọ́? Wọn kò lo tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, torí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀!

NAFDAC ni àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oògùn, nọ́ńbà wọn sì wà lára páálí èyí. Ojúlówó oògùn ni, ẹni tí kò ni ín ni wọ́n fún. Kí ni àwọn aláṣẹ tó ń fún irú ilé bẹ́ẹ̀ níwèé àṣẹ ń wò?

Ohun tí mo fẹ́ kò wọ́n: ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ fọ́tò ẹni náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún kò lè la ẹnu pe ẹni ọgọ́rin ọdún lórúkọ, mi ò sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n “Ìyá Bọ́lá” lè pé mẹ́ta nínú yàrá kan. Kí wọ́n wo fọ́tò, kí wọ́n wo ojú. Kí orúkọ oògùn, iye hóró, aago, àti bóyá ó di ẹ̀yìn oúnjẹ wà nínú ìwé náà. Ìgbà tí màmá bá gbé e mì tán ni kí ẹni tó fún wọn kọ aago, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí ó kọ ìyẹn náà. Kí oògùn sì wà nínú páálí tirẹ̀, kì í ṣe inú ọmọrí ìgò omi tí mo bá a, tí hóró funfun ẹni mẹ́rin dà pọ̀ mọ́ra.

Kí ìjọba máa yọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà níṣẹ́.

Ìyá mi ti padà síbẹ̀, torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, kò sí ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n nílé. Mo ra ìwé méjì ní Sábó, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún Ìyá Bọ́lá kejì. Títí di ìrọ̀lẹ́ àná, kò sí ẹni tó tíì kọ nǹkan kan sínú wọn.

Bọ́lá,
Ògbómọ̀ṣọ́