Ohun tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe tíṣà ní ìgbèríko

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìgboro sílẹ̀ lọ ṣe tíṣà ní ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìríṣẹ́ ló ń lé wọn lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú ara mi rí yàtọ̀.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń kọ́ni ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ ètò Teach For Nigeria, tó ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé gboyè lọ kọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó nílò olùkọ́. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, ó sì máa ń gba ọdún 2. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá a níbi tó ti ń fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀, nítorí pé ṣọ́ọ̀kì ti tán. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó dáhùn pé agùnbánirọ̀ kan ló kọ́ òun ní ìwé kíkà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn kò ní olùkọ́ tó, àti pé gbèsè yẹn ni òun ń san.

Ní ọdún 1955, tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n gbà ṣe tíṣà. Inú mi dùn pé irú wọn kò tíì tán. Síbẹ̀, ìfẹ́ iṣẹ́ kì í san owó ọ̀kadà, ọmọ yìí sì ń gun ọ̀kadà fún wákàtí kan láràárọ̀. Mo bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n wá ilé fún irú wọn nítòsí ilé ẹ̀kọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta.