Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Ègbé Ni Fún Mi Bí N Kò Bá Wàásù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Íńdíà, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé òyìnbó ló gbé Jésù débẹ̀. Rárá o. Àwọn Kristẹni Kerala, ní gúúsù Íńdíà, gbà pé Àpọ́sítélì Tọ́máàsì fúnra ẹ̀ ló wàásù fún àwọn baba ńlá wọn lọ́dún 52, nígbà táwọn Potogí sì máa fi dé ní 1498, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bá níbẹ̀, tí wọ́n ń fi èdè Síríà jọ́sìn.

Ṣùgbọ́n Azariah, ajíhìnrere ọmọ Íńdíà kan, gan-an lọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ pásítọ̀ abúlé kan láàárín àwọn Tamil, ẹ̀yà kan ní gúúsù Íńdíà, ni, wọ́n bí i ní 1874. Ní 1903, òun àtàwọn Tamil ẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere sílẹ̀ ní Tirunelveli, àwọn fúnra wọn ló ń dáwó, ọmọ wọn ni wọ́n ń rán, ẹ gbọ́ mi o, wọn ò dúró de owó London. Òun náà kó lọ sí ìlú Dornakal láàárín àwọn Telugu, ẹ̀yà Íńdíà mìíràn, kò gbọ́ èdè wọn, ó jókòó kọ́ ọ. Ní 1910 wọ́n pè é sí àpérò àwọn míṣọ́nnárì ní Edinburgh, ló bá sọ fáwọn òyìnbó lójú pé ẹ ti fi ohun ìní yín bọ́ tálákà, ẹ ti fi ara yín fún sísun, ìfẹ́ la tún ń bèèrè, ẹ fún wa lọ́rẹ̀ẹ́! Inú bí àwọn kan. Síbẹ̀ ní 1912 ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́, bí Àjàyí Crowther tiwa ṣe jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní 1864.

Àwọn Mala àti Madiga ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá sọ́dọ̀ Jésù lábẹ́ ẹ̀, àwọn táwọn ará ìlú kà sí aláìmọ́, tí wọn ò lè bá wọn pọnmi nínú kànga kan náà. Tí wọ́n bá ti ṣèrìbọmi fún wọn, Azariah á ní kí kálukú gbọ́wọ́ lé orí ara ẹ̀, kó wí pé: ègbé ni fún mi bí n kò bá wàásù ìyìn rere. Ẹni tí ò mọ̀wé kà, tí wọ́n ti ń lé kúrò láàárín èèyàn látìgbà tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ yẹn gan-an ló di ajíhìnrere! Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ìrìbọmi, báyẹn la máa ṣe é ní Sọ́ńdè ìrìbọmi yín. Kọ́ríńtì Kìíní orí 9 ẹsẹ 16 ni, ẹ kọ́ ọ sórí kẹ́ ẹ tó dé.