Ẹ má tíì fọ́máàtì sáfà yín, ẹ ka lọ́ọ̀gù ná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn tó ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìkànnì àti dátà fún àwọn yòókù, nínú ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó sọ̀rọ̀: ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti àwọn oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ọjà wọn láti Ọjà Ọba títí dé Alágbàká. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ó ń jẹ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún run lọ́sàn-án kan ṣoṣo.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Sáfà ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ètò tuntun kan dé tó fẹ́ máa bá dátábéèsì MySQL tàbí PostgreSQL, tó ń tọ́jú dátà, sọ̀rọ̀, wọ́n bá fi àfikún dátábéèsì kún PHP, wọ́n tún Apache tan. Apache kọ̀, kò jí. Tàbí kó jí, kí ojú ìwé máa jáde ní funfun báláú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ á mi orí, á ní sáfà ti bàjẹ́, ká fọ́máàtì ẹ̀ ká tún gbogbo nǹkan tò. Fọ́máàtì yẹn gan-an ni jàǹbá. Lórí Ubuntu (oríṣi Linux kan), inú fódà /var/lib/mysql ni dátà MySQL ń gbé, fọ́máàtì á sì gbá fódà yẹn lọ pẹ̀lú ìyókù. Àṣìṣe tí ìlà kan ì bá tún ṣe á wá di àdánù orúkọ aláìsàn àti àkọsílẹ̀ owó ilé ìwé. Ó ń dùn mí púpọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú sáfà bẹ́ẹ̀. Apache ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba àlejò. PHP ló wà nílé ìdáná tó ń se ojú ìwé. MySQL ni àká tí dátà wà. PHP ò lè dá àká ṣí. Kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣí i ni àfikún tí à ń wí yìí, ìyẹn mysqli, pdo_mysql, pgsql àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há sínú àgádágodo, iṣu inú àká ò tíì jẹrà.

Nítorí náà, ẹ ṣí ojú àṣẹ (terminal), kí ẹ kọ́kọ́ bojú wo àká: sudo systemctl status mysql. Bó bá kọ active, dátábéèsì ń mí. Ẹ gbé dátà pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn:

sudo mysqldump --all-databases > ipamo.sql

Ẹ da fáìlì yìí sórí fíláàṣì tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí i wò. Fáìlì tó jẹ́ 0 báìtì kì í ṣe ìpamọ́.

Bí oníbàárà bá wà lórí ìdúró, ẹ yọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ná kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ká ní pgsql ni, ẹ tẹ sudo phpdismod pgsql, lẹ́yìn náà sudo systemctl restart apache2. Èyí ò pa àfikún náà rẹ́ o. Atọ́ka rẹ̀ nìkan ló yọ kúrò nínú fódà conf.d (ibi tí PHP ti ń wo àfikún tó máa gbé wọlé), phpenmod á sì dá a padà nígbà tí ẹ bá fẹ́. Bí Apache bá jí, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn. Bí kò bá jí, ẹ má dá àfikún yẹn lẹ́bi mọ́, ọ̀rọ̀ wà níbòmíràn.

Lọ́ọ̀gù, ìyẹn ìwé tí sáfà ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sí, ló kàn, torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Ẹ tẹ sudo tail -n 50 /var/log/apache2/error.log. Bí Apache ò bá jí rárá, ẹ fi sudo journalctl -u apache2 -n 50 kún un. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré tẹ sudo apachectl configtest, tó bá ti kọ Syntax OK, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ètò Apache nìkan ni Syntax OK ń jẹ́rìí sí; kò sọ ohunkóhun nípa kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ PHP.

Ohun tí ẹ máa ń rí níbẹ̀ jù lọ rèé:

PHP Warning: PHP Startup: mysqli: Unable to initialize module
Module compiled with module API=20190902
PHP compiled with module API=20210902
These options need to match

Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní. Ìlà kejì ń sọ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe rí, ìlà kẹta ń sọ ti inú àgádágodo. 20190902 ni nọ́ńbà PHP 7.4. 20210902 ni ti PHP 8.1. PHP máa ń fi nọ́ńbà méjèèjì wéra kó tó gba àfikún wọlé, bí wọn ò bá sì bára mu délẹ̀, kò ní gbà á. PHP 8.0 ń lo 20200930, 8.2 ń lo 20220829, 8.3 ń lo 20230831. Lórí Ubuntu, nọ́ńbà yìí kan náà ni orúkọ fódà tí àfikún ń gbé, bíi /usr/lib/php/20210902, ẹ ò sì ní pẹ́ rí i bóyá inú fódà tó tọ́ ni wọ́n kó o sí. Pẹ̀lú ìlà mẹ́rin péré, a ti mọ àìsàn: kọ́kọ́rọ́ 7.4 ni wọ́n kì bọ inú àgádágodo 8.1. Kí ni fọ́máàtì fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ọ̀nà méjì ni kọ́kọ́rọ́ àjèjì sábà máa ń gbà wọlé. Èkíní ni fíláàṣì. Ẹnì kan á da fáìlì àfikún (.so ti Linux tàbí .dll ti Windows) kọ láti kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí kò fẹ́ jó dátà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá; àfikún kì í ṣe orin téèyàn ń dà kọ. Èkejì fara sin díẹ̀. Ubuntu 20.04 bá PHP 7.4 wá, 22.04 bá 8.1 wá, 24.04 bá 8.3 wá. Bí ẹnì kan bá ti so orísun PHP mìíràn mọ́ ẹ̀rọ nígbà kan rí, tí ẹ wá tẹ sudo apt install php-mysql láì fi nọ́ńbà sí i, apt, ohun tí Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé, á gbé èyí tó tuntun jù lọ wá, pẹ̀lú PHP tuntun tirẹ̀. Apache á ṣì dúró sórí 8.1, àfikún á wà lọ́dọ̀ 8.3, oníkálukú á máa wo ara wọn. Ẹ máa kọ nọ́ńbà sí i: sudo apt install php8.1-mysql.

Báwo lẹ ṣe máa mọ nọ́ńbà wo ni? Ibí ni àṣẹ php -v ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. PHP tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ àṣẹ ló ń dáhùn, kì í ṣe èyí tó ń bá Apache ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì sì lè yàtọ̀. Ẹ ṣe fáìlì kan, info.php, sínú /var/www/html, kí ẹ kọ <?php phpinfo(); sínú rẹ̀, kí ẹ ṣí i nínú bíráúsà. Ẹ wo PHP Version lókè, ẹ wo Loaded Configuration File (fáìlì ètò PHP) nísàlẹ̀ díẹ̀. Ní 8.1, /etc/php/8.1/apache2/php.ini ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé /etc/php/8.1/cli/php.ini lẹ ti ń tún ṣe láti àárọ̀, ìdí nìyẹn tí php -m fi ń fi mysqli hàn yín tí ìkànnì ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ pa info.php rẹ́ bí ẹ bá ti wò ó tán, nítorí gbogbo àṣírí sáfà ló wà lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ Nginx lẹ ń lò (òun náà ń gba àlejò bí Apache), tàbí Apache tó ń lo FPM (PHP tó ń dá ṣiṣẹ́), PHP wà lọ́tọ̀ nìyẹn, títún ẹni ẹnu ọ̀nà tan ò dé ilé ìdáná. sudo systemctl restart php8.1-fpm ni. Tí Nginx bá ń kọ 502 Bad Gateway lẹ́yìn tí ẹ gbé àfikún wọlé, ẹ wò ó bóyá PHP tuntun ti gbapò: /run/php/php8.1-fpm.sock ni ètò Nginx ń wá, nígbà tí php8.3-fpm.sock ló wà nílẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń da àgbà onímọ̀ pàápàá láàmú: undefined symbol: mysqlnd_global_stats. mysqli kì í dá rìn lórí Ubuntu, ẹ̀yìn mysqlnd, àfikún mìíràn, ló ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì wọn nínú conf.d fi ní nọ́ńbà níwájú, 10-mysqlnd.ini ṣáájú 20-mysqli.ini. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ extension=mysqli sínú php.ini ti da ètò yẹn rú, nítorí PHP máa ń gbé ohun tó wà nínú php.ini wọlé kó tó dé conf.d. Ọmọ dé ṣáájú ìyá rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kí. Ẹ yọ ìlà yẹn kúrò nínú php.ini, kí ẹ tẹ sudo phpenmod mysqli. Bí lọ́ọ̀gù bá sọ pé already loaded, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè é nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀kan.

Kí Apache má jí rárá yàtọ̀ sí kí ojú ìwé má jáde. Bí lọ́ọ̀gù bá kọ Cannot load pẹ̀lú orúkọ bíi libphp7.4.so, apt ti kó PHP àtijọ́ lọ, Apache ṣì ń pè é: sudo a2dismod php7.4, sudo a2enmod php8.1, kí ẹ tún un tan. Bó bá kọ Address already in use, ẹlòmíràn ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà 80. sudo ss -ltnp á dárúkọ onítọ̀hún. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà Nginx: ẹnì kan tẹ apt install php, apt bá gbé Apache wá pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń du àga kan ṣoṣo. Bó bá sì jẹ́ Segmentation fault lẹ rí, Apache jí ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùúrù ló ń wo ìyẹn. Ẹ fi phpdismod yọ àfikún kan, ẹ tún Apache tan, ẹ wò ó, kí ẹ tó kan ìkejì. Ẹni tó bá yọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Lórí Windows, XAMPP, àpò kan tó kó Apache, PHP àti dátábéèsì pọ̀, ni mo máa ń rí jù. Inú C:\xampp\php ni php.ini wà, ẹ ó sì yọ àmì ; tó wà níwájú extension=pgsql. Bí Apache ò bá rí libpq.dll, fáìlì tí pgsql gbára lé, pgsql ò ní wọlé bó ti wù kó rí. Ìlà yìí nínú httpd.conf (fáìlì ètò Apache) ló ń yanjú rẹ̀: LoadFile "C:/xampp/php/libpq.dll". Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àmì àyọlò yẹn, ẹ má dà á kọ láti inú Word, nítorí Word máa ń tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, Apache ò sì ní dá a mọ̀. Fún SQL Server, dátábéèsì Microsoft, ẹ wo orúkọ fáìlì dáadáa: php_sqlsrv_81_ts_x64.dll túmọ̀ sí PHP 8.1, oríṣi TS (Thread Safe), 64 bíìtì. TS ni Apache ń fẹ́ tí PHP bá wà nínú rẹ̀. Nts (Non Thread Safe) ò ní bá a lọ. Kódà bí gbogbo ìyẹn bá pé, ODBC Driver ti SQL Server (ètò tó ń so àfikún yìí mọ́ dátábéèsì) gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà náà.

Àwọn ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní tiwọn. mysql_connect, àṣẹ inú àfikún mysql àtijọ́, ni wọ́n fi kọ wọ́n láyé ọjọ́un, wọ́n sì yọ àfikún mysql yẹn kúrò nínú PHP láti 7.0, ní ìparí ọdún 2015. Kò sí extension=mysql tí ẹ lè kọ lónìí tí yóò dá a padà. Kóòdù lẹ máa sọ di mysqli tàbí PDO, ẹ sì fi owó iṣẹ́ yẹn sínú ìṣirò yín.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń kọ́? Bí iná bá lọ nígbà tí apt ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, PHP á dúró ní ààbọ̀, gbogbo ohun tí ẹ bá tún fẹ́ gbé wọlé á máa kọ̀. sudo dpkg --configure -a ló ń parí ohun tó kù. Ẹ so sáfà mọ́ UPS tàbí ínfátà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbára lé pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ẹ ò ní láti mọ gbogbo èyí sórí. Bí ẹni tí ẹ pè bá ti ní fọ́máàtì ni, ẹ ní kó fi ìlà lọ́ọ̀gù tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín, kó kà á sétí yín, kó sì fi ipamo.sql lé yín lọ́wọ́ lórí fíláàṣì. Bí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan sáfà náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń tún sáfà ṣe,
Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.