Lẹ́tà sí Bùkọ́lá Nípa Ìrìn-àjò Ìgbà Ìwọ́wé

Ṣàgámù, Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Bùkọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí ohùn rẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá mú inú èmi àti màmá rẹ dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àlàáfíà ni a wà. Òjò ti dá díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, a sì ti rí àyè sá àgbàdo.

Mo ti ka ètò ìrìn-àjò tí o fi ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tí ẹ fẹ́ fi RV, ọkọ̀ ńlá tí a ń sùn tí a sì ń dáná nínú rẹ̀, rìn láti Chicago. Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní jọ́gíráfì sórí tábìlì, mo sì fi pẹ́ńsù tọ ipa ọ̀nà yín láti ìlú dé ìlú. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí ilẹ̀ tí ẹ ń gbé, n kò sì kọ̀wé yìí láti dá yín dúró. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ tí yóò wáyé ní Los Angeles ní Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, ni ẹ fi ṣe òpó ètò náà. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀, ẹ sì to gbogbo ibi tí ó wù yín sínú ọ̀sẹ̀ tí ẹ rí: Vermont ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá láti wo ewé tí ń pọ́n, lẹ́yìn náà Yellowstone, ọgbà ìjọba ńlá tó wà ní Wyoming, lẹ́yìn náà àwọn òkè Colorado, kí ẹ tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí California. Ojú ọjọ́ kò ní ipò kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òjò kì í bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Yóò ti rọ̀ ní Ṣàgámù nínú oṣù Kẹta nígbà tí àgbẹ̀ Kánò ṣì ń wo ojú ọ̀run, nítorí láti etí òkun ni ó ti ń gòkè lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òtútù ìgbà ìwọ́wé, ìgbà tí ewé ń já bọ́ ṣáájú ìgbà yìnyín, ṣe ní ipa ọ̀nà tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà wá: ó ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, ó sì ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ilẹ̀ náà já láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá gbọ́dọ̀ máa ṣíwájú òtútù náà, kí ó kọ́kọ́ rí ibi tí ó ga jù àti ibi tí ó wà ní àríwá jù, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètò yín yí i padà. Ìgbà tí òtútù bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀yin yóò máa gòkè lọ pàdé rẹ̀.

Bí ènìyàn bá gun òkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ooru yóò dín ní nǹkan bí dígírì Fahrenheit mẹ́ta àti ààbọ̀. Denver tí ẹ kọ sínú ètò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,280 sókè ìtẹ́jú òkun, ṣùgbọ́n ọ̀nà Trail Ridge tí ẹ fẹ́ gbà lórí òkè Colorado ga dé ẹsẹ̀ bàtà 12,183. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn tó dígírì 24. Ọjọ́ tí ẹ bá wọ súwẹ́tà lásán ní Denver tí ó sì tẹ́ yín lọ́rùn, omi lè máa dì lókè yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń ti ọ̀nà náà nínú oṣù Kẹwàá, kì í sì í ṣí mọ́ títí di ìgbà ìrúwé. Ní ti Yellowstone, ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀nà inú rẹ̀ ni wọ́n ń tì mọ́ ọkọ̀ bí oṣù Kọkànlá bá ti ń wọlé, ìyẹn sì ni ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀yin kọ pé ẹ ó dé ibẹ̀. Kí ẹ wa ọkọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì kí ẹ lọ bá géètì tí a tì!

Ọ̀nà Going-to-the-Sun ní Glacier, ọgbà ìjọba tó wà ní Montana, tí ọkọ rẹ fi àmì sí kò gba ọkọ̀ yín rárá, ì báà jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn. Ọkọ̀ tí ó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ kò gbọdọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, RV tí ẹ fẹ́ yá sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lórí Wyoming, nítorí ẹ̀fúùfù ibẹ̀ bà mí lẹ́rù ju yìnyín lọ. Láàárín Laramie sí Cheyenne, ọ̀nà I-80 gun òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 8,640, kò sì sí ibòmíràn tí ọ̀nà náà ti ga tó bẹ́ẹ̀ láti òkun dé òkun. Ẹ̀fúùfù ibẹ̀ a máa dojú ọkọ̀ àjàgbé dé. Ọkọ̀ tí ẹ ó gbé ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú bí ògiri, kò sì wúwo bí gíga rẹ̀ ṣe tó. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bá kéde pé kí ọkọ̀ gíga tí kò wúwo má gba ọ̀nà, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ẹ wá ibì kan dúró sí títí ẹ̀fúùfù yóò fi rọlẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá tẹ 511 lórí fóònù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo rántí pé o kọ ọ́ síbì kan pé bí àkókò bá há, ẹ ó wá àbùjá. Ní ọdún 1846, àwọn ìdílé kan gbéra láti Illinois, ìpínlẹ̀ tí ẹ̀yin náà ń gbé, wọ́n kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, wọ́n dorí kọ California. Àwọn ni ìtàn ń pè ní Donner Party. Ẹnì kan tan ìròyìn àbùjá kan kálẹ̀, wọ́n sì gbà á. Òkè Wasatch àti aginjù iyọ̀ tó wà ní Utah jẹ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì fi dé ẹsẹ̀ òkè Sierra Nevada ní ìparí oṣù Kẹwàá, yìnyín ti dí ọ̀nà. Ẹni 87 ni wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú síbẹ̀. I-80 náà gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn òkè yẹn kọjá lónìí, orúkọ wọn ni ọrùn òkè náà sì ń jẹ́. Mo mọ̀ pé títì ọlọ́dà wà níbẹ̀ báyìí, pé ọkọ̀ ìjọba sì ń kó yìnyín kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù tí yìnyín ń dé kò tíì yí padà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú èmi náà, bí kò tilẹ̀ la ẹ̀mí lọ. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1974, ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé, mo bá bàbá mi gbé gbànja láti Ṣàgámù lọ sí Kánò. Ó ti dá Sátidé kan fún oníbàárà rẹ̀, ọkọ̀ sì bàjẹ́ kí a tó gbéra, ọjọ́ méjì ni a fi tún un ṣe. Ìṣe wa ni pé bí a bá dé Jẹ́bbà, a ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, a ó yọ ewé tí ó ti gbẹ kúrò lára obì, a ó sì fi ewé tútù dì í, nítorí ọyẹ́ tó wà lókè Odò Ọya kò jọ tilẹ̀ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọjọ́ tí ó ti dá, bàbá mi ní kí a kọjá. Eruku ọyẹ́ bo títì débi pé iná ọkọ̀ ni a tàn ní ọ̀sán. A dé Kánò ní Sátidé bí a ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí àwọn apẹ̀rẹ̀ tó wà lókè, obì inú wọn ti gbẹ, wọ́n ti là. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ìlọrin. Láti ọdún náà ni ó ti máa ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣíwájú ọjọ́ tí ó bá dá, tí yóò dé Kánò tí yóò sì dúró de oníbàárà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ gbéra ní Chicago lẹ́yìn ìsinmi Labor Day, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án. Ẹ gba South Dakota, kí ẹ sì rí Yellowstone kí oṣù náà tó pé ogúnjọ́. Yìnyín lè já bọ́ níbẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́ kí ó tó yọ́. Ẹ rí òkè Colorado kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ẹ lo ìdajì àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá ní Utah, kí ẹ sì yà sí etí gúúsù Grand Canyon (àfonífojì jíjìn tó wà ní Arizona), tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7,000. Ẹ má fi etí àríwá sí ètò, nítorí iná tó jó níbẹ̀ ní oṣù Keje ti mú kí wọ́n tì í. Ìparí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí aginjù Arizona. Bí ẹ bá yá jù dé Phoenix, nínú oṣù Kẹsàn-án, ooru ibẹ̀ lè kọjá dígírì 100. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, ara yóò tù yín. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ sinmi dáadáa, kí ẹ sì wọ Los Angeles pẹ̀lú ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́, nítorí ẹ̀fúùfù Santa Ana tí ń ti aginjù fẹ́ wá sí òkun a máa jà ní àkókò yẹn, òun náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ̀ gíga.

Ẹ fi Vermont sílẹ̀ lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ewé náà ni ó kọ́kọ́ mú ìrìn-àjò yìí wá sí ọ lọ́kàn, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ewé ń pọ́n ní Vermont tí wọ́n sì ń ti ọ̀nà orí òkè ní ìwọ̀-oòrùn, ọkọ̀ kan kò sì lè wà níbi méjèèjì. Ewé àwọn igi aspen ti Colorado a máa di wúrà ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ wo ìyẹn.

Bí ẹ bá ń padà gba gúúsù lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ máa gbọ́ ìròyìn ìjì. Àkókò ìjì Àtìláńtíìkì kò parí títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ẹ má sì rò pé ẹni tí ó jìnnà sí òkun ti bọ́. Ìjì Helene wọ Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ṣùgbọ́n àárín òkè North Carolina ni omi rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ jù, tí odò sì gbé apá kan ọ̀nà I-40 lọ.

Ó ku inú ọkọ̀. Omi ń dì ní dígírì 32, páìpù RV sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní alẹ́ òtútù, ẹ yọ rọ́bà omi ìta kúrò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ síǹkì kí ooru lè dé ibẹ̀. Kí ẹ tó padà wọ Chicago ní ìparí oṣù Kọkànlá, ẹ da gbogbo omi nù kúrò nínú páìpù. Ẹ máa wọn táyà láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí bí òtútù bá fi dígírì mẹ́wàá pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín ní nǹkan bí psi kan, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ táyà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ yóò máa tètè ṣú. Kí ọkọ̀ ti dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èyí tí n kò ní gba àwáwí lé lórí ni èéfín. O mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń sùn tí wọn kì í jí. Ẹ má fi iná gáàsì tí ẹ fi ń se oúnjẹ mú inú ọkọ̀ gbóná lóru, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ẹ̀rọ kékeré tí ń pariwo bí èéfín carbon monoxide bá wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kí ọkọ rẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lójú ẹni tí ẹ ó ti yá ọkọ̀ náà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ọdún méjì ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín.

Màmá rẹ ti di gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀gúsí sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ wá sí Chicago ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti tún ètò náà tò, fi í ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ ibi tí ẹ ó sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé yín. Mo ti fi àwòrán ilẹ̀ náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.