Lẹ́tà sí Mojí ní Manchester

Mojí mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Àwọn ìwé hypnotherapy tí o fi ránṣẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń rọra kà sí ènìyàn létí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ti dé ọwọ́ mi, mo tiẹ̀ ti lo ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò lè dúró di ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ Bùsọ́lá, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, kì í rí oorun sùn mọ́ nítorí ìdánwò. Mo jókòó tì í ní pálọ̀ wa ní Yábàá, mo ní kó rọra máa mí, mo wá ń ka nọ́ńbà láti 10 wálẹ̀. Ìwé ní kó fojú inú wo etí òkun, kí omi máa kàn án lẹ́sẹ̀. Mojí, ṣe ni ọmọ náà di ọwọ́ àga mú gírígírí! Mo ti gbàgbé pátápátá pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ ní etí òkun Tarkwa Bay. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ bi í níbi tí ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n bá ń din àkàrà. Mo yọ òkun kúrò, mo fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i, mo kà á ní Yorùbá. Kò dijú tán, ó ń mi ẹsẹ̀, àmọ́ o ti sọ fún mi pé bí ti ọmọdé ṣe rí nìyẹn. Bí mo ṣe dórí ìtasánsán àkàrà, èjìká rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Bùsọ́lá rò pé ọfọ̀ ni mò ń pè sí ọmọ òun lórí. Mo sọ ti James Braid fún un, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Manchester yín níbẹ̀, tó kọ ìwé lórí hypnotism ní 1843. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ìgbà tó jókòó tì wá, tó rí i pé ọmọ ń gbọ́ wa, tó sì ń dáhùn, ni ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Lánre ti gbéyàwó, onílé sì ti fowó kún owó ilé.

Mojí, èmi náà ò sùn láti ìgbà tí a ti sin Màmá. Mo ka tèmi sórí fóònù, ohùn ara mi ò ràn mí lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, bá mi kà á sórí WhatsApp, má kánjú. Má fi àtẹ̀gùn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìwé yẹn sí i, torí àtẹ̀gùn ọsibítù ni mò ń rí lóròòru. Ọjà Ọ̀yìngbò ni kí o fi sí i, níbi tí Màmá ti máa ń ra ata, tí àwa méjèèjì máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Rónkẹ́